Orin Tí Ẹ̀gà Mọ Bí Ògiri

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Òpópónà Kejì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Okùn-ò-yẹ̀,

Báwo ni o, báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́? Ṣé ikọ́ tó máa ń dà ọ́ láàmú nígbà òtútù ti fi ọ́ sílẹ̀? Àwọn tí o ń bá gbé ńkọ́, ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ? Mo ní kí wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé o ń jókòó jẹun báyìí, àbí orí ìdúró náà lo ṣì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀? Màámi ní kí n kí ọ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, wọ́n sì ní kí n tún kí ọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà gba ìkíni méjì. Èmi náà kí ọ. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò le, n kò sì ní purọ́ fún ọ.

Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ sí ọ padà wá bá mi. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn kò mọ ẹni yìí níbẹ̀. Mo ti sọ ìrètí nù, àfi bí awakọ̀ típà tó ń já yanrìn sẹ́yìn ilé-ìwé wa ṣe sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé òun rí bíríkìlà kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan létí odò, ẹni tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bó bá ti na okùn sára ògiri, kò sẹ́ni tó tún ń wọ̀n ọ́n mọ́. Mo ní, "Ṣé ó ní àpá lágbọ̀n?" Ó ní, "Ó ní in, Àǹtí. Ó sì fajú ro bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún pọ̀ mọ́ ọn, lójú awakọ̀. Òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo bẹ̀ ọ́, bó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má fà á ya kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe é bó ṣe wù ọ́.

Mo mọ ìdí tí o fi lọ. Ọjọ́ tí a sin Ẹ̀gà àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ, níbi tí gbogbo ènìyàn dúró sí, èmi ni mo la ẹnu mi tí mo ní, "Ta ló so àwọn igi tí Ẹ̀gà gùn kó tó já bọ́?" Mo mọ̀ pé ìwọ lo so wọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀. N kò pe orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n mo wò ọ́. O ṣí fìlà rẹ, o tún un dé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a kò rí ọ mọ́. Oṣù keje rèé. A máa ń sọ ọ́ ṣáá pé ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo tó mọ bó ti ń fọ́. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nísàlẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lé mi, nítorí àkókò kò sí.

Etí Màámi ń lọ.

O rántí pé etí òsì wọn ti kú kí Ẹ̀gà tó kú. Láti ìgbà tó ti lọ ni ọ̀tún náà ti ń bá a lọ, bí ẹni pé kò rí ohun tó ń dúró gbọ́ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aago ni wọn kì í gbọ́. Nígbà tó ṣe, wọn kò gbọ́ òjò lórí páànù. Ní oṣù tó kọjá mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ìkòkò tó ti gbẹ tó ń jó lórí iná, tó ń pariwo fúnra rẹ̀, Màámi sì jókòó sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń ká aṣọ. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó gbé ẹ̀rọ bo etí wọn, ó ní kí wọ́n máa nawọ́ sókè bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró. Iná kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà tó máa ń tàn bí ìró bá ti ń jáde. Mo ń wò ó. Iná tàn, ó tún tàn, ó tún tàn, ọwọ́ Màámi wà lórí itan wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí dókítà bí ẹni tó ń dúró kí eré bẹ̀rẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iṣan inú lọ́hùn-ún ló ń kú, pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí kò lè ran ohun tó ti kú lọ́wọ́. Ó ní ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí màámi gbọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ báyìí."

Ohun kan ṣoṣo ni Màámi fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Ẹ̀gà wọlé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì nínú irun, ó sọ fún wọn pé òun ti parí orin tí òun ń ṣe fún wọn. Wọ́n ní kó kọ ọ́ kí àwọn gbọ́. Ó ní rárá o, orin ọ̀hún kì í ṣe ti ẹnu ẹnì kan, ó di ọjọ́ Àìkú tí Okùn-ò-yẹ̀ bá wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ṣubú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé báàgì mi láàárọ̀, Màámi á ní, "Orin mi ńkọ́?" bí ẹni tó rán mi níṣẹ́ tí mo ń gbàgbé. Wọn kì í sunkún sí i. Wọn á kàn bi mí, wọn á sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ìyẹn ló ń pa mí.

Àwọn ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwọ mọ̀ wọ́n jù mí lọ, àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí ẹ máa ń gé, tí ẹ máa ń gbọn eruku rẹ̀ dànù, tó fi pẹ́ńsù káfíńtà ya bulọ́ọ̀kù sí láti etí dé etí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kà. Bulọ́ọ̀kù ńlá tó dì, bulọ́ọ̀kù ńlá tó ní ihò, alábọ́ọ́dé, ààbọ̀, àfọ́kù. Fèrèsé níhìn-ín, ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń rí yín tí ẹ máa ń tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán tí ẹ ó máa kọrin. Mo rò pé ilé tí ẹ máa kọ́ fúnra yín lọ́jọ́ kan lẹ ń yà, tí ẹ ń fi orin tu ara yín nínú. Èmi tí mo ní mo kàwé! Ọjọ́ kan lásán n kò bi í pé, "Àbúrò, báwo lo ṣe ń kà á?" Ìwé tó kẹ́yìn pátápátá ni ó fi lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ rẹ̀ kọ nǹkan sí lórí: Ti Màámi.

N kò fi hàn wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé wọn kò mọ̀wé, kí ni wọ́n máa fi wò? Mo sì ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, omi tí kò bọ́ lójú wọn láti oṣù méje á bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì gbé wọn lọ. Mo ká ìwé náà sínú báàgì, mo gbé e lọ ibi iṣẹ́.

Olùkọ́ orin kan wà nílé-ìwé wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi bá mi jókòó tì í lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jáde. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ níbi gbogbo, òkè ni ohùn òkè ń wà, ìsàlẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ń wà, ohun tó bá sì gùn lójú ìwé gbọ́dọ̀ gùn lẹ́nu. Ó fún ìlà bulọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ó ní kí bulọ́ọ̀kù ńlá pẹ́ lẹ́nu, kí ààbọ̀ yára. Ó wá tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi, ó dà bí ewúrẹ́ tó ń sá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó tún un tẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ewúrẹ́ náà gun òkè padà. Ní ọjọ́ kẹta ó pa dùùrù dé, ó ní, "Àǹtí Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Àfàìmọ̀ kí èyí má jẹ́ pláànù ilé." Mo ní, "Ilé wo ló ní fèrèsé mẹ́rìnlá tí kò ní yàrá kan ṣoṣo?" Ó ní, "Ilé àwọn tó fẹ́ràn atẹ́gùn ni." Kò fi mí ṣẹ̀sín, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá yín lọ. Wọ́n ti fẹ́ fi òrùlé sórí ilé tí Ẹ̀gà ti ṣubú báyìí. N kò wo òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni mo ń wò títí mo fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá gba ìwé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ gbé inú èyí? Bí bíríkìlà mi bá mọ irú ògiri yìí, mo máa lé e ni." Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀ ń fi kọrin, pé bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ ni iṣẹ́ ń yá, torí náà àwọn kò yọ yín lẹ́nu. Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n to igi sí, wọ́n ká tapólì kúrò, wọ́n sì fa igi kan yọ. Igi náà ṣẹ́ sí méjì. Òde rẹ̀ dán, o ò ní mọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ikán ti jẹ ẹ́ tán, mo fọwọ́ kàn án, ó ń rún sílẹ̀ bí búrẹ́dì tó gbẹ. Lápá kejì rẹ̀, kókó okùn tí o di ṣì wà níbẹ̀ típẹ́típẹ́. Ọ̀gá ní, "Mo tọ́jú rẹ̀ de ẹni tó bá máa bèèrè. Láti oṣù méje, ìwọ lo kọ́kọ́ wá. Igi ló dà wá, ọmọ mi. Okùn ọmọ yẹn kò tú." Mo gbìyànjú láti tú u. Èékánná mi ṣẹ́ sí i. Mo kúnlẹ̀ nínú yanrìn níbẹ̀, mo ní, "Jọ̀wọ́, dárí jì mí," ọ̀gá sì rò pé àwọn ni mò ń bẹ̀, wọ́n ní, "Dìde, dìde, kò sí nǹkan kan."

Nítorí náà, ẹnu tó sọ tàkọ́kọ́ ló ń sọ èyí: kì í ṣe okùn rẹ. Mo ti lọ láti ojúlé dé ojúlé sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wà níbi ìsìnkú, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. O lè sọ pé torí pé mo ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni mo ṣe ń tọrọ àforíjì. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí n kò tilẹ̀ wá nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, igi tó jẹrà ni igi yẹn yóò ṣì jẹ́, èmi náà ni mo sì purọ́ mọ́ ọ lójú sàréè.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé ìwé náà sídìí tábìlì mi ní ọ́fíìsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra mi. Mò ń tẹ ìwé fún ọ̀gá àgbà, bulọ́ọ̀kù ni mò ń kà nínú orí. Ọjọ́ kan mo tẹ ìkéde fún àwọn òbí pé ìpàdé yóò wáyé ní fèrèsé mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà pè mí, wọ́n ní, "Akọ̀wé, èwo nínú fèrèsé ilé-ìwé yìí ni kí àwọn òbí gbà wọlé?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, mo fi aṣọ di ẹnu mi.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sú mi. Mo pinnu láti purọ́. Mo kó ohun tí olùkọ́ orin tẹ̀, mo yọ ibi tó burú jù kúrò, mo so ìyókù pọ̀ bí ẹni ń lẹ aṣọ, mo wá kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún Màámi ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní orin Ẹ̀gà rèé, mo ti rí i. Mo fi ẹnu mi sí wọn létí, mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ṣubú lẹ́kún. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ó dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ mi kì í mọ ògiri tó wọ́."

Mo ní, "Màámi, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ògiri?"

Wọ́n ní, "Orí kí ló tún máa ń kọ ọ́ sí? Ìwé yẹn ni mo ń bi ọ́ láràárọ̀. O ò dá mi lóhùn, mo ṣáà gbà pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú un lọ."

Mo ní ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìwé ni, Màámi, ẹ kò lè kà á. Wọ́n wò mí. N kò mọ̀ bóyá wọn kò gbọ́ mi, tàbí pé wọ́n gbọ́ mi jù. Wọ́n ní, "Mo ní gbé e wá."

Àbúrò mi, o mọ̀ pé iṣẹ́ lébìrà ni wọ́n fi tọ́ wa. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ru bulọ́ọ̀kù gun òkè fún àwọn bíríkìlà, Ẹ̀gà lẹ́yìn wọn nínú ọ̀já, èmi nílé-ìwé. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí itan. Wọn kò wo òkè rẹ̀ rárá. Wọ́n fi ìka wá ìpìlẹ̀, wọ́n gbé e lé igun ìsàlẹ̀, lórí bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, wọ́n sì ní, "Orí òrùlé lo ti bẹ̀rẹ̀, àbí? Ta ló ń ti òkè kọ́lé wá sílẹ̀?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Bí ìka wọn bá dé orí bulọ́ọ̀kù ńlá tó dì, ohùn wọn á lọ sílẹ̀ pátápátá. Bó bá kan èyí tó ní ihò, ohùn á gbéra díẹ̀. Alábọ́ọ́dé, á tún gbéra. Ààbọ̀, á sún sókè. Àfọ́kù, tí ìka méjì lè gbé, ohùn wọn á tín-ín-rín lókè bíi ti ọmọdébìnrin. Ibi fèrèsé, wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

Bó ṣe wúwo lórí ni, o gbọ́? Kì í ṣe bó ṣe ga, kì í ṣe bó ṣe gùn. Mo ní, "Màámi, nígbà wo ló kọ́ yín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló ń kọ́ lébìrà bí bulọ́ọ̀kù ṣe wúwo? Wọ́n ní àwọn ni àwọn máa ń kùn bẹ́ẹ̀ bí àwọn bá ń gun àtẹ̀gùn, kí ẹsẹ̀ má baà yẹ̀: ẹrù wúwo, a kùn sílẹ̀; ẹrù fúyẹ́, a kùn sókè. Ẹ̀yìn wọn ni Ẹ̀gà ti gbọ́ ọ, kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òun kàn wá ọ̀nà láti yà á sórí ìwé ni, kí ẹnì kan nínú ayé yìí lè kọ lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ lè kà. Èmi akọ̀wé, n kò kọ irú rẹ̀ sí wọn rí.

Mo wá gbọ́ orin náà. N kò lè ròyìn rẹ̀ fún ọ, ìwọ ṣáà mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, bó ṣe máa ń yí padà níbi tí ènìyàn kò rò. Bí ẹni pé Ẹ̀gà fúnra rẹ̀ ló jókòó sínú yàrá yẹn ni. Ohùn Màámi ń gbọ̀n, wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ṣìnà. Wọ́n mọ ọ́n lọ sókè títí wọ́n fi dé ẹnu ilẹ̀kùn àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Nínú ilẹ̀kùn náà kò sí bulọ́ọ̀kù. Okùn ló yà síbẹ̀, okùn tó ní kókó lára. Màámi fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ti lébìrà. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni." Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà nínú orin náà, mo sì ti ka kókó inú wọn, mọ́kàndínlógún ni. Òmíràn jẹ́ ẹyọ kan, òmíràn jẹ́ méjì lórí ara wọn, òmíràn jẹ́ ojóbó. Mo gbé e padà sọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Wọ́n mọ orúkọ kókó kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n èwo ni ohùn òkè, èwo ni ìsàlẹ̀? Wọ́n ní okùn kò ní ìwúwo tí ènìyàn lè fi orí mọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń fà á nìkan ló mọ bó ti le tó. Ìwọ àti òun lẹ jọ pète rẹ̀. Òun ti lọ. Nínú gbogbo ayé, ìwọ nìkan ló kù tó lè kà á.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni Màámi ń kùn orin náà. Wọn kì í fo ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọn á dákẹ́, wọn á gbé orí sókè, wọn á kọ etí ọ̀tún síta, wọn á dúró. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kọjá. Wọ́n ní ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn, sàréè ni. Wọn á dúró títí á fi sú mi, kí wọ́n tó máa lọ.

Gbọ́ èyí tó burú jù. Láti Ọjọ́rú, wọn kò gbọ́ ohùn mi mọ́. Mo fi ẹnu kan etí wọn gan-an, mo pariwo títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn, wọ́n ń wo ètè mi. Mo sá lọ bá dókítà. Ó ní ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ, pé ohùn obìnrin àti ti ọmọdé ti lọ nìyẹn, pé ohùn ìsàlẹ̀ gidi, ohùn ọkùnrin tó jinlẹ̀, ló kù tó lè wọlé, pé òun kò sì lè fi ọjọ́ lé e. Lánàá awakọ̀ típà yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí wọn, ohùn rẹ̀ dà bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Màámi bẹ́ dìde. Ojú wọn tàn. Wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì tún jókòó. O mọ ẹni tí wọ́n rò pé ó dé.

Okùn-ò-yẹ̀, n kò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ̀, bí o kò bá lè rí ojú mi, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kókó ẹyọ kan, ohùn wo. Méjì, ohùn wo. Ojóbó, ohùn wo. N óò wá ọkùnrin olóhùn ńlá kan bẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Màámi, mo yà á sórí ìwé, mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ títí ó fi yé wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ohùn àyálò. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé n kò bèèrè ẹni tó so igi. Ẹni tó ń bá ọmọ mi kọrin ni mò ń bèèrè." Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an nìyẹn, n kò fi kún un.

Awakọ̀ yìí ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó tún ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ó ní àyè wà níwájú ọkọ̀, pé òun kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan lọ́nà. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, n óò jáde nílé kí o tó wọlé. N óò dúró sí òdìkejì òpópónà, n kò ní bá ọ wí nǹkan kan, n kò tilẹ̀ ní wò ọ́.

Bá mi kí àwọn tó gbà ọ́ sílé, àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yín ní kí n kí ọ, wọ́n ní àyè rẹ ṣì ṣófo. Olùkọ́ orin náà kí ọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́. Ó ní bí o bá dé, kí o jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé kí òun gbọ́.

Bí o bá sì wá, má kan ilẹ̀kùn, wọn kò ní gbọ́. A kì í tì í. Wọlé tààrà, apá ọ̀tún ni kí o jókòó sí, gbé ẹnu rẹ sún mọ́ etí wọn dáadáa, kí o sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì ń wo ọ̀nà rẹ,

Àǹtí Akọ̀wé.